Gíríìsì Inú Fọ́ọ̀kì Ṣadé

Wọ́n ní kí n sọ iṣẹ́ tí mo ṣe láyé mi fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń wá èyí tí ẹ máa kọ́. Ó dáa, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Làmídì lorúkọ mi, ọmọ Ọ̀tà ni mí, Ọ̀tà náà ni wọ́n bí bàbá tó bí mi sí. Ní àdúgbò Jójú tí mò ń gbé, Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Ẹ má rò pé Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni mò ń wà o. Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Bàsíkùlù ni mò ń sọ, èyí tó ní táyà méjì, tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀. Òun ni mo fi ohun tó lé ní ogójì ọdún tún ṣe kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù mi pa.

Ojúmìító ló sún mi dé ìdí iṣẹ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Bàbá mi ní kẹ̀kẹ́ dúdú kan tó máa ń gùn lọ sóko. Bó bá ti ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀, màá máa gbọ́ nǹkan kan tó ń dún nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, kọ̀, kọ̀, kọ̀, mo sì ń fẹ́ mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn níbẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tó lọ kírun, mo tú pẹ́dàlì náà. Àwọn ọta irin kéékèèké yí jáde, wọ́n sá wọ abẹ́ àpótí, mi ò sì rí gbogbo wọn kó padà. Mo ti ń retí ẹgba. Bàbá mi wo ilẹ̀, ó wò mí, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Súfíánù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Sángo. Ó ní ọmọ òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú u, kí ọ̀gá wá bá òun kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà. Ti àdéhùn àti owó ìkọ́ṣẹ́, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ láàárín ara wọn, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Súfíánù le. Kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló burú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tí inú bá ń bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, wàá sì ní láti sún mọ́ ọn kó o tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Bó o bá sì ti sún mọ́ ọn tán, ọwọ́ rẹ̀ ti tó orí rẹ. Ó ní àpò ìrẹsì kan tó máa ń fọ̀ mọ́ tónítóní. Orí àpò yẹn la máa ń to gbogbo ohun tí a bá tú sí, bí wọ́n ṣe jáde tẹ̀lé ara wọn, láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ó máa fi ìka lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó máa béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Kí nìyí? Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Bí kò bá sí níbẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀? Tó ò bá rí i dáhùn, o ò ní dá nǹkan kan padà lọ́jọ́ yẹn, oníkẹ̀kẹ́ á sì lọ fẹsẹ̀ rìn délé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo kórìíra àpò yẹn bí nǹkan míì. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi kí ọ̀gá tó bi mí. Mo tiẹ̀ lọ bá ìyá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, mo fi ìka lé irin kan, mo ní kí lèyí ń ṣe níbẹ̀, bí kò bá sí ńkọ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jáde fún òun.

Ohun kejì tí ọ̀gá kì í fi ṣeré ni gíríìsì. Ẹ fetí sí eléyìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ọ̀nà ayé ìgbà náà, iyẹ̀pẹ̀ pupa ni láti ibí dé Ìgbẹsà. Nígbà ọyẹ́, eruku ni. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Sángo ń gba inú rẹ̀ kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá ní ibi tí gíríìsì bá ti kún, eruku ò ní rí àyè jókòó. Tí a bá ti to họ́ọ̀bù tó wà láàárín táyà tán, ó máa ki ọmọńdinrín rẹ̀ bọ inú ibẹ̀. Bí gíríìsì ò bá dé oríkèé ìka náà, a máa tú u, a máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Á wá rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, ṣé ìwọ lo ra gíríìsì ni? Ọdún márùn-ún ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọwọ́ mi kọ́ ọ débi pé bí mo bá fẹ́ fi gíríìsì díẹ̀ sí nǹkan, ńṣe ni yóò máa dà bíi pé mò ń ja oníbàárà lólè. Kẹ̀kẹ́ tó bá jáde lọ́wọ́ wa, ọdún kan lè kọjá kó má dún pìn-ín. Àwọn èèyàn ń wá bá wa láti Ifọ̀. Títí dòní, mo gbóríyìn fún ọ̀gá mi lórí rẹ̀.

Mo ṣe fíríìdọ̀mù, mo gba ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, mo gbéyàwó, a bímọ. Gbogbo ìyẹn ò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀kadà dé, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbé kẹ̀kẹ́ wọn ti ògiri. Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ bá di mẹkáníìkì ọ̀kadà. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, wọ́n ní ta ló tún ń fẹsẹ̀ tẹ nǹkan láyé òde òní. Èmi ò lọ. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ, orí kunkun ni. Ọpẹ́lọpẹ́ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò wọlé láti ìhà Kùtọ̀nú. Wọ́n máa ń kó wọn jọ gègèrè sórí ọkọ̀, ẹnì kan ò mọ ohun tó wà nínú wọn, èmi sì fẹ́ràn láti máa tú wọn wò. Àwọn kan ń ra aṣọ tuntun láti múnú ara wọn dùn, èmi, kẹ̀kẹ́ tí mi ò rí irú rẹ̀ rí ni.

Irinṣẹ́ náà ń yí padà lọ́wọ́ mi. Sípánà àti òlù ni ọ̀gá fi kọ́ mi. Nígbà tó yá, àwọn nọ́ọ̀tì di èyí tí orí rẹ̀ jin wọnú, ó di kí n máa fi álẹ́ǹkì tú wọn. Bíréèkì tó jẹ́ irin gbọọrọ tẹ́lẹ̀ di wáyà, wáyà di páìpù olómi. Pọ́ǹpù tí mò ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ni mo rò pé kò ní yí padà láéláé, àfi ọjọ́ tí Dókítà gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé.

Dókítà yìí kì í ṣe oníṣègùn. Olùkọ́ ni ní yunifásítì kan ní ìhà Ìyànà Ìyẹsí, ìjọ rẹ̀ ló gbé e wá sí Ọ̀tà, ó sì níwà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gun kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó Ìgbẹsà láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á máa fò lórí gbòǹgbò, wọ́n á máa já sínú kòtò. Mo ní kí wọ́n dá mi lóhùn, ta ló lé wọn? Ó rẹ́rìn-ín. Fọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́ náà, irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di táyà mú, nipọn bí apá mi, ó sì ń lọ sísàlẹ̀, ó ń bọ̀ sókè, bíi ti ọ̀kadà. Mo bi í bóyá sípíríìnì ló wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Rárá, Bàbá. Afẹ́fẹ́ ni."

Mo ní irú afẹ́fẹ́ wo. Ó ní afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú yìí náà ni. Ẹnu yà mí gan-an. Ọkùnrin tó tóbi tó báyìí, kó fò sókè, kó já wálẹ̀, kó jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló gbà á dúró? Mo ṣí ìdérí kékeré tó wà lókè fọ́ọ̀kì, mo fi èékánná tẹ fáàfù tó wà níbẹ̀. Ó dún fìììì, ọ́ìlì fín sí mi lójú, fọ́ọ̀kì náà sì rọra jókòó sílẹ̀. Bí mo ṣe ń nu ojú ni mò ń rẹ́rìn-ín. Mo bẹ Dókítà kó fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ fún mi fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe pé ó bàjẹ́, mo kàn fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Ó fi í sílẹ̀, ó tún fún mi ní pọ́ǹpù kékeré kan tó ní géèjì lára, èyí tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà mọ́tò máa ya àwọn rọ́bà inú rẹ̀ dànù kí ojú tó ṣẹ́.

Bí mo ṣe lóye rẹ̀ nìyí, ẹ má jẹ́ kó tojú sú yín. Ẹsẹ̀ méjì ni fọ́ọ̀kì náà ní. Ọ́ìlì wà nínú ọ̀kan, òun ló ń dá a dúró kó má máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún. Afẹ́fẹ́ wà nínú èkejì. Nínú ẹsẹ̀ afẹ́fẹ́ yẹn, ìdérí kan tó ní rọ́bà lára wà láàárín, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ wà lókè rẹ̀, ó ń tì í, afẹ́fẹ́ díẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń tì í padà. Tí wọ́n bá ti bá ara wọn dọ́gba, fọ́ọ̀kì á dúró dáadáa, á sì rọ̀. Dókítà fi fídíò hàn mí nínú fóònù, òyìnbó kan ń tún un ṣe. Òyìnbó náà fi orí ìka kan gíríìsì fẹ́ẹ́, ó fi ra rọ́bà náà, ó tán. Mo wo Dókítà, mo ní ahun lòyìnbó yìí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Àwọn ẹgbẹ́ Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kẹ̀kẹ́ wọn wá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Ṣadé. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń dúró nídìí ẹ̀rọ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń di bísíkíìtì sínú páálí. Dókítà àti àwọn tó kù dáwó jọ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ fún un, torí bí wọ́n bá dé ibi òkè, ńṣe ló máa ń fi gbogbo wọn sílẹ̀ sẹ́yìn. Ọmọ náà wọ̀ mí lójú. Kò dà bí àwọn tó máa ń ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n á ní Bàbá, mò ń bọ̀. Ó máa ń jókòó tì mí, á máa béèrè ohun tí mò ń ṣe. Bàbá mi ló ń pè mí.

Lọ́dún kan, ìròyìn dé pé kóòṣì kan ń bọ̀ wá sí Ìgbẹsà láti yan àwọn tó máa gun kẹ̀kẹ́ fún ìpínlẹ̀. Obìnrin méjì péré ni wọ́n máa mú. Àwọn tí wọ́n bá mú, wọ́n máa kó wọn lọ síbi tí wọ́n á ti máa kọ́ wọn, wọ́n á máa bọ́ wọn, wọn ò ní ṣe iṣẹ́ míì. Ṣadé kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ti ka iye páálí tí òun máa ń dì lóòjọ́, òun ò sì fẹ́ fi ayé òun máa kà á. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìdíje náà, ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Fọ́ọ̀kì ń dún, ọ́ìlì sì ń jò díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ bá mi ṣe é bíi pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gùn ún."

Mo ṣe é. Mo tú u sórí àpò, mo fọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ àwọn rọ́bà rẹ̀. Nínú ẹsẹ̀ afẹ́fẹ́ rẹ̀, mo rí ibì kan tó jin wọnú díẹ̀ lára irin náà, kò ju hóró àgbàdo lọ. Mo bi ara mi, kí nìyí? Mo sì dá ara mi lóhùn kíákíá pé ẹnì kan ló fi òlù gbá a níbi tó ti ń bọ̀. Mi ò béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Mo wá gbé agolo gíríìsì. Mo rántí iyẹ̀pẹ̀ Ìgbẹsà, mo rántí pé ọmọ yìí ní kí n ṣe é bíi tèmi, mo sì fi gíríìsì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo fẹ́ ẹ títí géèjì fi dé ibi tó yẹ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà débi pé mo pe ìyàwó mi, Ìyá Rìsí, kó wá wò ó.

Èmi náà lọ sí Ìgbẹsà lọ́jọ́ ìdíje. Mo dúró síbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, níbi tí àgbàrá ti la ilẹ̀ ní ìbú. Ṣadé ló wà níwájú gbogbo àwọn obìnrin tó kù, mo sì ti ń pariwo orúkọ rẹ̀. Bó ṣe ń bọ̀, mo rí i pé iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wálẹ̀ jù, kò sì padà sókè mọ́. Mo rí i, àmọ́ ó yára ju ojú mi lọ. Táyà iwájú rì wọ ojú àgbàrá, kẹ̀kẹ́ náà dìde láti ẹ̀yìn, ó sì gbé e sọ síwájú. Mo gbọ́ bó ṣe ń já lulẹ̀. Egungun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká rẹ̀ kán. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń sọ pé bíréèkì iwájú ló fà, pé jìnnìjìnnì ló mú un. Kóòṣì mú obìnrin méjì míì.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Fọ́ọ̀kì ṣì wà nísàlẹ̀, ó ti há. Àwọn tó kù gbà pé ìṣubú ló bà á jẹ́, èmi náà sì fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo tú afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ dànù. Ó yẹ kó rọ̀, kí n lè fi ọwọ́ fà á sókè. Dípò bẹ́ẹ̀, ńṣe ló tún fa ara rẹ̀ wọlé sí i. Mo mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀, mo sún sẹ́yìn. Kí ló ń fà á nígbà tí kò sí afẹ́fẹ́ mọ́? Mi ò rójú jẹun. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi ń wò ó. Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ fọ́n jáde láti ìsàlẹ̀, níbi tí kò yẹ kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, fọ́ọ̀kì náà sì ta sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀nà wo ló gbà débẹ̀, kí ló sì dé tí kò rọ́nà padà?

Mo tún to gbogbo rẹ̀ sórí àpò. Mo wá dé ibi tó jin yẹn, tí mo ní òlù ló gbá a. Gíríìsì mi ti dí i pátápátá, ó ti le bí àmàlà àná. Mo gé igi kan, mo fi ha á jáde, mo ti ìdérí rọ́bà náà kọjá ibẹ̀, mo sì gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń rọra kọjá láti òkè sí ìsàlẹ̀, láti ìsàlẹ̀ sí òkè. Kì í ṣe òlù. Àwọn tó ṣe fọ́ọ̀kì náà ló dìídì fi í síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ méjèèjì ti ń bá ara wọn dọ́gba. Mo ti fi gíríìsì ti ìlẹ̀kùn náà. Bí Ṣadé ṣe ń já sínú kòtò, agbára rẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà lọ sísàlẹ̀, kò sì rí ọ̀nà padà, ó ń fa fọ́ọ̀kì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá àgbàrá yẹn pàdé.

Ẹ gbọ́, mi ò ní parọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wọ inú mi ni ayọ̀. Mo ti rí i! Mo jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, torí ohun tó ti ń rú mi lójú láti ọjọ́ mẹ́sàn-án ti yé mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rántí ọmọ náà, ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu mi.

Mo dá fọ́ọ̀kì padà bó ṣe yẹ, mo ti kẹ̀kẹ́ lọ sílé Ṣadé. Wọ́n fún mi lága, wọ́n fún mi lómi. Ó ti fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó bi mí pé, "Bàbá mi, kí lẹ rí nínú rẹ̀?"

Mo ní ìṣubú ló bà á jẹ́, mo sì ti tún un ṣe.

Mo ti ń ronú ohun tí màá sọ láti ilé, kì í ṣe ohun tí mo múra láti sọ nìyẹn. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò ó pé àwọn ẹgbẹ́ Dókítà ò ní gbé kẹ̀kẹ́ wá mọ́, pé wọ́n á ní arúgbó yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo sọ fún ara mi pé ó ti ṣẹlẹ̀ ná, òtítọ́ ò lè so egungun pọ̀, ìdíje ti lọ. Ó mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo mu omi náà tán, mo sì lọ.

Egungun rẹ̀ jinná, àmọ́ kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Dókítà máa ń sọ fún mi pé àwọn ti pè é títí, ó ní iṣẹ́ ò jẹ́. Mo bá a ní Ìyànà Ìyẹsí lẹ́ẹ̀kan, ó ń dúró de ọkọ̀, ó kí mi dáadáa, ó yára wọ ọkọ̀ lọ. Lórí gbogbo fọ́ọ̀kì tí mo tún ṣe lọ́dún yẹn, orí ìka kan gíríìsì ni mo fi sí i, gbogbo wọn sì ń ṣiṣẹ́. Ìyá Rìsí ń béèrè ohun tó ń ṣe mí, pé mi ò pè é wá wo iṣẹ́ mọ́. Mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí.

Ọdún kan ti yí po nígbà tí Ṣadé ti kẹ̀kẹ́ náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Eruku ti bò ó. Ó ní kí n bá òun wá ẹni tó máa rà á. Mo ní kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan. Mo ní kò lè jẹ́ pé kò sí nǹkan. Ó ń fi àtàǹpàkò nu eruku lórí ìjókòó rẹ̀.

Ó ní, "Wọ́n ní mo fa bíréèkì iwájú. Mi ò rántí pé mo fà á, ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí. Bí ọwọ́ mi bá lè ṣe ohun tí mi ò mọ̀, ibo ni mo tún fẹ́ gùn ún lọ?"

Kò sí bí mo ṣe fẹ́ gbé ìyẹn mì. Mo ní, "Ṣadé, kì í ṣe ọwọ́ rẹ. Ọwọ́ tèmi ni."

Mo tẹ́ àpò, mo tú fọ́ọ̀kì náà lójú rẹ̀, mo fi ibi tó jin yẹn hàn án, mo sì ṣàlàyé bí gíríìsì ṣe dí i. Ó fi ìka kan ibẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó wá béèrè ìgbà tí mo mọ̀. Mo ní kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó ṣubú.

Ó ní, "Ẹ wá sílé wa. Mo bi yín."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọdún kan gbáko ni mo fi ń bẹ̀rù ọwọ́ ara mi."

Mo ní kó má bínú. Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu mi, èmi náà gbọ́ ọ. Kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó jókòó síwájú àpò náà, ó ní kí n máa sọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà fún òun, òun máa fi ọwọ́ ara òun ṣe é. Mo ń sọ, ó ń ṣe. Òun ló fi gíríìsì sí i, òun ló fẹ́ ẹ, tó ń wo géèjì. Ó wá dìde, ó tẹ iwájú kẹ̀kẹ́ náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó padà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sọ̀rọ̀ ẹni tó máa rà á mọ́. Ó gùn ún jáde láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún Ìyá Rìsí, lọ́jọ́ kejì mo sọ fún Dókítà. Àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ò gbé kẹ̀kẹ́ wá mọ́, àwọn tó kù ń gbé e wá. Gbogbo ohun tí mo fi ọdún kan bẹ̀rù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ́ ọ, ó dùn, kò sí ọjọ́ tí ẹ ò ní rí ohun tí ẹ ò mọ̀. Ẹ máa ṣe àṣìṣe, kò sí ẹni tí kì í ṣe é. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i pé ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ lọ sọ fún ẹni tó kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ò mọ ohun tó ń rò nípa ara rẹ̀ nílé.

Ìbàdí ló ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ pẹ́ mọ́. Ṣadé ti padà sínú ẹgbẹ́ Dókítà. Ó tún díje lẹ́yìn ìgbà náà, wọn ò mú un, wọ́n ní àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ni àwọn ń wá báyìí. Ọdún kan péré ló fi ju ọjọ́ orí tí wọ́n ń fẹ́ lọ. Dókítà ló sọ fún mi, kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ bísíkíìtì náà ló ṣì ti ń ṣiṣẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń gbé àga síta. Wọ́n máa ń gba iwájú ilé mi kọjá lọ sí Ìgbẹsà, òun ló máa ń wà níwájú. Ó máa ń gbé ọwọ́ sókè kí mi, kì í dúró. Èmi náà á gbé ọwọ́ sókè, mi ò sì ní pè é.